Gòjé Ńlá Bàbá Ọpẹ́

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, orí àpáta ni mo wà lẹ́yìnkùlé, tí mò ń yí iṣu gbodo padà nínú oòrùn. Ọyẹ́ ọdún yìí le. Iṣu tí mo sá níjẹta ti gbẹ, ó sì ti ń sán láti àárín bí ètè ẹni tí kò rí òrí fi pa.

Fóònù mi dún. Ìnsípẹ́kítọ̀ Samsudeen ni, ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ọlọ́pàá kí n tó fẹ̀yìn tì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí n tó sọ̀rọ̀."

"Orí àpáta ni mo wà. Sọ ọ́."

"Gòjé ńlá Bàbá Ọpẹ́ ni. Wọ́n bá a ní fífọ́ láàárọ̀ yìí. Ọrùn rẹ̀ ti kán."

Mo gbé iṣu ọwọ́ mi kalẹ̀. Bàbá Ọpẹ́ ni Kẹ́hìndé, ọkọ mi, tí a sin ní ọyẹ́ èṣí. Gòjé yìí ga ju ènìyàn lọ. Béèsì ni àwọn akọrin ń pè é. Òun ni ọkọ mi fi ṣiṣẹ́ jẹun láti ìgbà tí Ọ̀kẹ́sítírà Òkè-Ògùn ti bẹ̀rẹ̀ ní Ṣakí, òun náà ló sì fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ nígbà tí àìsàn kò jẹ́ kó lè dúró mọ́.

"Ta lo mú?"

"Muhydeen, ẹni tó ń ta á báyìí. Olùdarí wọn, Ọ̀mọ̀wé Débọ́lá, ló ní kí n mú un. Ó ní Muhydeen gbé gòjé náà lọ sí Ìwéré-Ilé níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé, ó já bọ́ lórí ọkọ̀, ó sì dá a padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣí sáà eré tuntun. Alága fẹ́ kọ́rọ̀ tán lónìí. Wọ́n á lé Muhydeen, wọ́n á sì pa kíláàsì Ìwéré-Ilé rẹ́."

Kíláàsì yẹn ni ohun kan ṣoṣo tí ọkọ mi dá sílẹ̀ tó ṣì ń mí. Mo fi aṣọ bo iṣu mi, mo sì jáde.

*

Wọ́n ti ń to àga nínú gbọ̀ngàn nígbà tí mo dé. Wọ́n ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa síbi tí àwọn ọlọ́lá máa gbà wọlé. Eruku ọyẹ́ ti bò ó kí ọlọ́lá kankan tó dé.

Ìgbà ọyẹ́ ni ẹgbẹ́ yìí máa ń ṣí sáà eré rẹ̀, nítorí ìgbà náà ni àgbẹ̀ ń ráyè. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ti ṣeré ní Ṣakí, wọ́n á kọjá sí Okaka, wọ́n á sì dé Ìgbẹ́tì kí àwọn tó ń fọ́ òkúta mábù lè gbọ́. Láti ìgbà tí Ọ̀mọ̀wé Débọ́lá ti dé, Okaka ti kúrò níbẹ̀, Ìgbẹ́tì ti kúrò níbẹ̀. Ó ní ojú ọ̀nà kò yẹ ohun èlò. Ìwéré-Ilé nìkan ló kù, nítorí Muhydeen kọ̀ jálẹ̀, ó ní ọjọ́ ìsinmi òun lòun á máa fi lọ.

"Ẹ káàbọ̀, Màdáàmù," ni Ọ̀mọ̀wé wí. Ó máa ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ti ajá kúrò lọ́nà.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i pé ó fọ́?"

"Láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú gbogbo wọn. Mo ti sọ fún ìgbìmọ̀ tipẹ́ pé ohun tí ẹ bá kó lọ bá àwọn ará oko, ẹ ti kó o dànù. Kí ni ọmọ alágbàro fẹ́ fi irú orin yìí ṣe ní Ìwéré-Ilé? Ṣé ẹ̀gẹ́ ló fẹ́ ta á fún?"

"Ọkọ mi máa ń sọ pé ẹ̀gẹ́ a máa gbọ́ràn ju àwọn kan lọ."

Àlájì Ràmọ́nì, alága ìgbìmọ̀, rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó rántí pé kò yẹ kí òun rẹ́rìn-ín. Ènìyàn tí kò ní ibi ni Àlájì. Kò mọ̀ bóyá ẹnu ni wọ́n fi ń fọn fáólíìnì, gòjé kékeré, tàbí ọwọ́ ni wọ́n fi ń lù ú. Ohun tó mọ̀ ni àga iwájú.

"Ìyá Ọpẹ́, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó tètè tán," ó ní. "Àwọn èèyàn pàtàkì ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Bí ètò ọ̀la bá ti parí, ìgbìmọ̀ máa fọwọ́ sí i pé kí Ọ̀mọ̀wé di olùdarí wa pátápátá. A ò fẹ́ àbùkù kankan."

"Àwọn pàtàkì wo ló ń bọ̀?"

Ó ronú díẹ̀. "Àwọn pàtàkì," ó ní.

*

Samsudeen ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ń kó ohun èlò sí. Atẹ́gùn tútù kọ lù mí lójú. Ọ̀mọ̀wé ti fi ẹ̀rọ amúlétutù tuntun síbẹ̀, kó má bàa máa làágùn bó bá wọlé wá wo ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà?"

"Méjì. Ti Muhydeen àti ti Ọ̀mọ̀wé."

Àwọn ohun èlò dúró nínú aṣọ òfì funfun tí ọkọ mi gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn. Nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹni tó bá ta gòjé tán ló máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ da òfì bò ó, tí á sì so okùn aṣọ náà nísàlẹ̀, ní ẹsẹ̀ gòjé, nítorí ilẹ̀ ni eruku ọyẹ́ máa ń gbà wọlé. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so òfì kí wọ́n tó jẹ́ kó o fọwọ́ kan okùn orin.

"Ó ṣì wà nínú aṣọ nígbà tí wọ́n pè mí," ni Samsudeen wí. "Muhydeen ló ṣílẹ̀kùn fún ìdánrawò, ó sì rí i pé orí aṣọ náà rọ̀ sílẹ̀. Mo ya fọ́tò kí wọ́n tó tú u. Bí ẹ ṣe kọ́ mi náà ni."

Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Mo wo fọ́tò náà pẹ́. Ọrùn ni okùn náà wà, wọ́n so ó dáadáa, bí táì lọ́rùn ẹni tó ń lọ sí báńkì.

Mo kúnlẹ̀ ti gòjé náà. Mo fi ọwọ́ kan ibi tí èjìká ọkọ mi máa ń fara tì. Igi ibẹ̀ ti dán.

"Samsudeen, wo òfì yìí dáadáa. Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, Màmá. Ó mọ́."

"Ìgbà wo lo lọ sí Ìwéré-Ilé kẹ́yìn?"

Ó wo bàtà ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn ní ìgbà ọyẹ́, ilẹ̀ pupa á bá a délé, á bá a dórí ẹní. Òfì funfun kò lè lọ síbẹ̀ kó bọ̀ ní funfun.

"Ó lè ti fọ̀ ọ́," ni Samsudeen wí.

"Ó lè ti fọ̀ ọ́. Wá wo ikùn rẹ̀ báyìí."

Ikùn gòjé náà ti sán gbọọrọ, ó tẹ̀lé ojú igi láti òkè dé ìdí. Ọrùn rẹ̀ kán ní tirẹ̀ ní ìdábùú. Ibi tó ti kán funfun bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ ti jókòó sínú ibi tó sán, ó fẹ́lẹ́ bí ìyẹ̀fun, ó sì ti dì mọ́ ọn.

"Wọn ò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà," ni mo wí. "Ó kọ́kọ́ sán. Lẹ́yìn ìyẹn lẹnìkan wá kán ọrùn rẹ̀. Fọwọ́ kan okùn rẹ̀."

"Wọ́n dẹ̀."

"Kì í ṣe kíkán ọrùn ló dẹ̀ wọ́n. Wo àwọn èèkàn lókè. Ẹnìkan ló fara balẹ̀ yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Bí mo ṣe fẹ́ dìde ni mo ṣàkíyèsí ilẹ̀. Lórí sìmẹ́ńtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àmì róbótó mẹ́ta wà níbi tí ohun kan ti jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo mọ ohun tó máa ń wà níbẹ̀. Ìkòkò amọ̀ ni, tó kún fún omi. Kẹ́hìndé ló gbé wọn síbẹ̀. Ọyẹ́ tó ń gbẹ iṣu lórí àpáta, òun náà ló ń fa omi inú igi gòjé mu. Bí kò bá rí omi ìkòkò mu, ti igi ló máa mu. "Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n," ni ọkọ mi máa ń wí, tí á gbé korobá lọ sídìí kànga.

Mo béèrè ìkòkò náà lọ́wọ́ Samsudeen. Kò rí ìkòkò kankan.

*

Muhydeen jókòó lábẹ́ igi kajú níta, ọlọ́pàá kan dúró tì í bí ẹni ń ṣọ́ ewúrẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ kú ọ̀rọ̀ Bàbá."

"Kí lo máa ń gbé lọ sí Ìwéré-Ilé?"

"Àwọn fáólíìnì kéékèèké. Ọ̀kadà ni mò ń gùn, ẹ̀yìn ni mo máa ń so wọ́n mọ́."

"Béèsì ńkọ́?"

"Lórí ọ̀kadà?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Àfi tó bá jẹ́ òun ló máa wà á, Màmá."

Ẹni tó ní gòjé ńlá lọ sí Ìwéré-Ilé kò tíì débẹ̀ rí. Kò tilẹ̀ béèrè bí wọ́n ṣe ń débẹ̀.

"Ìwọ lo dẹ okùn rẹ̀," ni mo wí.

Ó fi ọwọ́ gbá ewé kajú kan kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹni tó fẹ́ fọ́ nǹkan kì í kọ́kọ́ dẹ okùn rẹ̀. Ẹni tó rí ọgbẹ́ ló ń tú ìgbànú aláìsàn. O rí i pé ó sán, o dẹ̀ ẹ́ kó má bàa fà sí i. Ta lo sọ fún?"

"Màmá, ẹ má bi mí. Mo ti búra pé mi ò ní sọ. Ẹni náà ní bí mo bá sọ, kíláàsì àwọn ọmọ parí."

"Kíláàsì náà ń parí lọ lójú rẹ yìí."

"Mo mọ̀." Ó fi ìka fa ilà sínú eruku. "Ṣùgbọ́n orúkọ Ọlọ́run ni mo fi búra."

Mo fi í sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ míṣọ̀n ni mo lọ, òun sì jẹ́ Mùsùlùmí. Ọ̀rọ̀ ìbúra yé àwa méjèèjì. Ẹni tó mú un búra mọ̀ pé Muhydeen kò ní já a. Ó kórìíra àwọn ará oko, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń fi ìwà rere wọn dè wọ́n.

*

Àlájì dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Ọpẹ́, bí kì í bá ṣe Muhydeen, ẹ wo Sodiqat dáadáa. Ọ̀mọ̀wé gba ipò aṣíwájú fáólíìnì lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tó mú wá láti Èkó. Inú ń bí i. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì sì sọ pé òun rí i lọ́jọ́ kan tó ń gba ẹ̀yìn jáde, tí nǹkan bàǹtàbanta wà lábẹ́ híjáàbù rẹ̀."

Samsudeen ti yára lọ pè é. Ojú Samsudeen ń dán pé òun ti rí ọ̀daràn. Èmi náà rò ó fún ìṣẹ́jú kan. Ọwọ́ Sodiqat le, ẹnu rẹ̀ kò sì kéré.

"Kí lo gbé sábẹ́ híjáàbù?" ni Samsudeen bi í.

"Kí ni wọ́n rò pé ó jẹ́? Oyún?"

"Sodiqat, dá mi lóhùn."

"Ìkòkò Bàbá Ọpẹ́ ni." Ó yíjú sí mi. "Màmá, Ọ̀mọ̀wé mú àlejò kan wọ yàrá ohun èlò. Àlejò náà rí àwọn ìkòkò yẹn, ojú ti Ọ̀mọ̀wé. Ó ní ta ló ń bọ òrìṣà níbẹ̀. A ṣàlàyé. Ó ní ṣé òyìnbó tó ṣe béèsì gbé ìkòkò tì í ni. Ó ní kí wọ́n kó wọn jáde, ẹni tó bá dá wọn padà, kó máa lọ sílé. Èyí tó kéré jù ni mo rí gbà ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ó wà nílé mi, mo fi aṣọ bò ó."

"Kí ló dé tó o fi gbé e pamọ́?"

"Kí ni kí n ṣe? Kí n gbé e lérí gba iwájú rẹ̀ kọjá?"

"Àwọn méjì tó kù ńkọ́?"

"Ẹ lọ wo iwájú ọ́fíìsì rẹ̀," ó ní, ó sì yọ ṣùtì ètè.

A lọ. Ìkòkò méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọ́n ti kùn wọ́n ní ọ̀dà wúrà. Òdòdó rọ́bà ló wà nínú wọn. Ohun tó lé jáde gẹ́gẹ́ bí òrìṣà ló padà fi ṣe ẹ̀ṣọ́, ó sì fi ohun tí kò lè mu omi sínú rẹ̀.

Mo dúró níwájú òdòdó rọ́bà náà, ọ̀rọ̀ náà sì tò lẹ́sẹẹsẹ níwájú mi.

"Ó kó omi jáde, ó gbé ẹ̀rọ tó tún ń gbẹ yàrá wọlé," ni mo sọ fún Samsudeen. "Gòjé sán. Muhydeen rí i, ó sọ fún un. Bí ìgbìmọ̀ bá rí i pé ó sán, wọ́n á béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n á sì bá òun. Ó nílò ọgbẹ́ tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, àti ẹni tí yóò ru ẹ̀bi rẹ̀. Kíláàsì tí kò fẹ́ á sì bá a lọ."

"Ó yé mi, Màmá. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà. Wọ́n á ní Muhydeen ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà, pe gbogbo wọn jọ, kí o sì ní kí wọ́n gbé béèsì kejì wá."

*

Àwọn akọrin dúró yíká, Àlájì sì jókòó sí àga iwájú. Béèsì kejì wà láàárín gbọ̀ngàn, láìní aṣọ.

"Sodiqat, bá mi da òfì bò ó."

Ó dà á bò ó, ó bẹ̀rẹ̀, ó so okùn rẹ̀ ní ẹsẹ̀ gòjé. Mo tú u. Mo ní kí Muhydeen ṣe é. Ó ń wo ibòmíràn, ọwọ́ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ọwọ́ ṣe ń lọ sẹ́nu. Mo tú tirẹ̀ náà.

"Ọ̀mọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Ṣé iṣẹ́ mi nìyí?"

"Rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ rí i."

Ó wo Àlájì. Àlájì ní, "Ẹ kúkú ṣe é kó tán, Ọ̀mọ̀wé." Ó gba òfì náà pẹ̀lú ìka méjì bí ẹni gba ìlédìí ọmọ. Ó jù ú lé gòjé lórí, ó fa okùn rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó so ó dáadáa, ó sì gbọn ọwọ́.

Gbogbo akọrin ń wo ẹsẹ̀ gòjé níbi tí òfì ti là sílẹ̀. Òun nìkan ni kò mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ó ti lo ọdún kan gbáko pẹ̀lú wọn, kò wo ọwọ́ wọn rí.

Samsudeen gbé fóònù sókè, ó ń fi fọ́tò náà hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ Àlájì, Àlájì wo fọ́tò, ó wo gòjé, ó tún wo fọ́tò.

"Kí ni ìyẹn wá fi hàn?" ni Ọ̀mọ̀wé wí. "Okùn lásán."

"Ó fi hàn pé ẹni tó kán ọrùn rẹ̀ tó sì tún bò ó kì í ṣe ẹni tó ń ta gòjé níbí," ni mo fèsì. "Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà, sà. Ẹ ti rí ọwọ́ Muhydeen."

"Màdáàmù, gbogbo èyí nítorí igi?" Ó rẹ́rìn-ín. "Igi gbígbó tí ọkùnrin kan fi ń dá àwọn ọmọ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ lára yá. Kò wúlò mọ́. Ó ti sán kí n tó fọwọ́ kàn án rárá."

Sodiqat bọ́ síwájú.

"Ẹ ní àárọ̀ yìí lẹ kọ́kọ́ rí i," ó ní, jẹ́jẹ́.

Muhydeen gbórí sókè. Ẹlòmíràn ti sọ ọ̀rọ̀ náà. Ìbúra rẹ̀ ṣì wà lódidi.

Samsudeen mú Ọ̀mọ̀wé lápá. Bí wọ́n ṣe ń lọ lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa, kò wẹ̀yìn wo gòjé, kò wo àwọn tó ti darí. Bàtà rẹ̀ ló ń wò, nítorí eruku.

Àlájì sún mọ́ mi. "Ìyá Ọpẹ́, ṣé a ò lè da nǹkan bo ọ̀rọ̀ yìí títí àwọn àlejò á fi lọ?"

"Wọ́n ti da nǹkan bò ó lẹ́ẹ̀kan, Àlájì. Ẹ rí ibi tí wọ́n so ó sí."

Ó nu ojú rẹ̀.

"Kíláàsì Ìwéré-Ilé ńkọ́?" ni mo bi í, mo sì jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́.

Ó wo àwọn akọrin. Kò sí ẹni tó jókòó. Wọ́n ti gbé fáólíìnì wọn sílẹ̀ lórí àga, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́yìn. Ó mọ̀ pé àwọn àlejò kò lè wá wo àga.

"Ó ń bá a lọ," ó ní. "Ta ló sọ pé kò ní máa bá a lọ?"

"Ta ló máa darí lọ́la?"

"Sodiqat," ni ẹnìkan wí láti ẹ̀yìn. Àlájì mi orí bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ rò ó. Muhydeen ti lọ gba ọ̀kadà rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Àwọn ọmọ ń retí rẹ̀ lọ́sàn-án yẹn.

Sodiqat sáré lọ sílé, ó gbé ìkòkò kékeré náà dé, lórí, ní gbangba. Kò fi híjáàbù bò ó. Mo yọ òdòdó rọ́bà kúrò nínú àwọn méjì tó kù, mo sì fi iyanrìn fọ inú wọn. Mo fi ọ̀dà wúrà ara wọn sílẹ̀. Kò dí omi lọ́wọ́.

Mo gbé wọn wọ yàrá, mo pa ẹ̀rọ amúlétutù. Mo gbé ìkòkò kọ̀ọ̀kan lé ojú àmì rẹ̀, kékeré sí ẹ̀gbẹ́ gòjé tó fọ́. Mo so òfì gòjé náà ní ẹsẹ̀, bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà mo gbé korobá ọkọ mi lọ sídìí kànga, mo pọn omi, mo sì dà á sínú ìkòkò títí ó fi dé etí.